Ìwé Ìtàn Aláwòrán Láti Kàbà: Ohun Tí Mo Rí Kó Tó Di Títẹ̀

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ nìkan kọ ìtàn lè fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wéjáde láì náwó ju owó dátà lọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó dá ẹni tó ń ṣe ìwé ìtàn aláwòrán lóhùn, wọ́n fẹ́ rí ojú ìwé tó ti parí pátápátá: èyí tí wọ́n ti fi pẹ́ńsù ya, tí wọ́n ti fi tàdáwà tẹ ojú ìlà rẹ̀, tí wọ́n ti kùn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ti wà ní àyè rẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo báyìí lè gba ayàwòrán ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tiwa ní ojú ìwé 96. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé ayàwòrán á ti jókòó ti iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó fojú kan owó, bó bá máa fojú kàn án rárá. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìnira tó wà nídìí irú ìwé yìí ti ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ àwòrán yà ní Ìjùmú, ní Yàgbà, ní Bùnú àti ní Kàbà níbí máa ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ dáwọ́ lé.

Tíṣà èdè Yorùbá ni mí ní Kàbà. Èmi ni mo kọ ìtàn náà. Ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ìsánlú ló ya àwòrán rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin ahunṣọ kan ni, ọmọ Bùnú, láyé ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń ti Bídà wá kó èèyàn àti ẹrù ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, tí àwọn ará ìlú ń sá gun orí òkè lọ tẹ̀dó. Ìgbà náà kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Nínú ìtàn wa, àwọn akónilẹ́rú gbé aṣọ ìpò tí ìdílé ọmọbìnrin yìí ti tọ́jú láti fi sin baba rẹ̀ lọ, ó sì pinnu pé òun á lọ gbà á padà. Aṣọ ìpò ni aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú, tí wọ́n fi ń sin èèyàn pàtàkì, tí eégún sì ń gbé jáde.

Wọ́n ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ ọ́ bí ìwé ìtàn yòókù. Àwọn àgbà tí mo ti ń gbọ́ ìtàn ogun yìí lẹ́nu wọn láti kékeré kì í sọ ọ́ láìfi ọwọ́ júwe: bí òkè ṣe dúró, ibi tí ẹṣin kò lè gùn, bí obìnrin ṣe ń jókòó níwájú òfì tó gbé ti ògiri. Ohun àfojúrí ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sì mọ orúkọ gbogbo akọni tó ń fò nínú fíìmù òkèèrè, wọn ò mọ ìdí tí ìlú àwọn baba wọn fi wà láàárín àpáta tẹ́lẹ̀. Ó ń dùn mí wọra. Mo gbà pé bí wọ́n bá rí i, wọ́n á bi àwọn ìyá wọn àgbà léèrè.

Kíkọ ìtàn fún ayàwòrán ní òfin tirẹ̀. Nínú àpótí àwòrán kan, èèyàn kò lè dìde, kó ṣílẹ̀kùn, kó tún bú sẹ́kún. Ọ̀kan ni kó ṣe. Ìyókù di ti àpótí tó kàn. Ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí inú àwòrán náà ló máa jókòó sí, bó bá sì ti gba ilẹ̀ jù, kò ní sí ibi tí ẹṣin máa gbà kọjá. Ohun tó bá máa ya òǹkàwé lẹ́nu, ẹ̀yìn ojú ìwé ni kó wà, kí ó jẹ́ pé ìgbà tó bá ṣí i ló máa bá a pàdé. Nítorí náà, bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń ka ojú ìwé: èyí wà lápá ọ̀tún, èyí wà lápá òsì. Ní ti òfì, a kò fi sílẹ̀ fún àròsọ. A lọ sí Bùnú, ìyá arúgbó kan tó ṣì mọ iṣẹ́ náà jókòó fún wa, àbúrò mi sì ya ọwọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun kò pọ̀ mọ́. Bí kò bá sí ohun mìíràn tí ìwé yìí ṣe, àwòrán ọwọ́ ìyá yẹn ti wà nínú rẹ̀.

Kí a tó ya ojú ìwé kìíní ni èmi àti àbúrò mi ti jọ kọ ìwé àdéhùn. Inú ìyá mi kò dùn sí i. Ó ní, “Ìwọ àti ọmọ àbúrò mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà?” Mo jẹ́ kó yé e pé ìfẹ́ ló jẹ́ kí a lọ. Ohun tí lọ́yà ṣàlàyé fún wa nìyí: lábẹ́ òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ọpọlọ ló ni ín láti ìgbà tó ti ṣe é, kò dìgbà tó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Àjọ Nigerian Copyright Commission ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ iṣẹ́ sí, ó sì dára fún ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń sọni di olóhun. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ sanwó fún ayàwòrán, àwòrán náà ṣì jẹ́ ti ayàwòrán bí kò bá sí ìwé àdéhùn tó sọ ohun mìíràn. Ẹ̀tọ́ yìí wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni náà àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àríyànjiyàn tí èmi àti òun bá fi sílẹ̀ láìyanjú lónìí, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ló máa bá a jà. A kọ ọ́ pé ìdajì ìdajì ni, pé owó tó bá kọ́kọ́ wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni a máa fi san, pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè ta ẹ̀tọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i. Látinú owó oṣù mi ni mo ti ń fún un ní díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń yà á. Kò tó ohun tí iṣẹ́ náà tọ́ sí, àwa méjèèjì ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdílé kọ́kọ́ rò pé eré ọwọ́dilẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá àbúrò mi sọ pé àwòrán kì í bọ́ni, mo rán an létí pé kò sí ibi tí a ń lọ tó jìnnà: Ògìdì ní Ìjùmú ni Nike Davies-Okundaye ti wá, ẹni tó jẹ́ pé láti ọmọdé ló ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ aṣọ àti àdìrẹ, tí gbogbo ayé sì ń wá wo ilé àwòrán rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n dákẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ká ráyè ṣiṣẹ́.

Àwọn tí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí ni àwọn tó ń gbé ìwé ilé-ẹ̀kọ́ jáde, torí nídìí iṣẹ́ mi ni mo ti mọ̀ wọ́n. Ìbéèrè kan náà ló ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá: kíláàsì wo ló wà fún? Mi ò bínú sí wọn. Ìwé tó bá wọ inú àtòkọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbé iṣẹ́ wọn ró. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa tà á fún. Ọ̀kan nínú wọn ka tiwa dáadáa, ó sì ní kí n gé e sí ojú ìwé 32, kí n yọ ogun kúrò, kí n wá fi ìbéèrè sí ìparí rẹ̀. Ìwé tó ń sọ náà lè wúlò, àmọ́ kì í ṣe ìwé wa.

Àwọn ilé iṣẹ́ kọ́míìkì ní Èkó la tún kàn sí. Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn oníkọ́míìkì àti òǹkàwé wọn, ti wà láti 2012, àwọn oníkọ́míìkì sì ti pọ̀ sí i lọ́dọọdún, inú mi sì ń dùn bí mo bá rí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dá wa lóhùn ló ní akọni tiwọn. Ayàwòrán tó máa bá wọn ya akọni náà ni wọ́n nílò. Iṣẹ́ àbúrò mi ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ ìtàn wa. Ó gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí owó ibẹ̀ ló fi ra sólà àti bátìrì. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ní Ìsánlú, tó ń dúró de iná ìjọba, ojú ìwé mélòó ló fẹ́ parí lọ́dún?

Ti òkèèrè ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wéjáde ńlá ní Amẹ́ríkà kì í ka iṣẹ́ tí kò bá gba ọwọ́ aṣojú òǹkọ̀wé kọjá. Àwọn kan ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀. Image Comics, tí àwọn ayàwòrán fúnra wọn dá sílẹ̀ ní 1992, máa ń fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ni iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà san owó sílẹ̀ kí ìwé tó jáde. Ìgbà tí ìwé bá tà, tí wọ́n ti yọ owó ìtẹ̀wé àti owó tiwọn, ni ìyókù ń tó ọwọ́ rẹ. Ẹni tó ní owó tí yóò fi jẹun di ìgbà náà ló lè bá wọn ṣe é. Kickstarter tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lókè òkun fi ń gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé kí wọ́n tó tẹ̀wé kò ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tí báńkì rẹ̀ sì wà níbí. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Amẹ́ríkà, ni mo fi ń ṣàlàyé bí ọ̀nà yìí ṣe gùn tó fún àbúrò mi. Láti 2015 ló ti ń tẹ ìwé tirẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ó di 2021 kí Dark Horse, atẹ̀wéjáde kọ́míìkì ní Amẹ́ríkà, tó kó ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ọdún 2025 ni ọ̀kan nínú wọn di eré alàwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n Cartoon Network. Ìwé ti wà nílẹ̀, òǹkàwé ti wà nílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ńlá tó dé. Láti ìgbà tí èyí ti yé mi ni mi ò ti dúró mọ́ kí ẹnì kan wá yàn wá.

Síbẹ̀, ẹnì kan yàn wá. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ràn ìtàn náà, lẹ́tà wọn dùn-ún kà, wọ́n sì fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ pẹ̀lú iye kan tí wọ́n máa san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé gan-an, torí owó ilé ti pé. Ó pè mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbà á. Ẹnu ti ń rẹ̀ mí láti máa sọ fún àwọn èèyàn pé ó ń bọ̀.” Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò lè tètè dá a lóhùn.

A gbé ìwé náà lọ fún lọ́yà. Ohun tó fi ìlà pupa sí nídìí rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní kí a gbé gbogbo ẹ̀tọ́ fún wọn, ní gbogbo èdè, ní gbogbo orílẹ̀-èdè, títí láé. Fíìmù, eré alàwòrán, aṣọ, ohun ìṣeré ọmọdé, gbogbo rẹ̀ wà nínú gbólóhùn kan. Bí wọ́n bá tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì gbé e jù sí yàrá, kò sí ibi tó ti sọ pé ẹ̀tọ́ máa padà sọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọbìnrin Bùnú yìí di ọmọ ìlú mìíràn, wọ́n lè ṣe é láì bi wá. Èyí ló dùn mí jù. Mo lè fara da kí ìwé má tètè jáde. Mi ò lè fara da kí ẹnì kan ní àṣẹ láti má jẹ́ kí n fi èdè Yorùbá sọ ìtàn baba mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a kọ padà sí wọn, nítorí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. A ní a kò ní ta ẹ̀tọ́, a ó yá wọn lò ó ni: ìwé títẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, fún ọdún tó níye, ní orílẹ̀-èdè tí a dárúkọ. Ti Yorùbá jẹ́ tiwa. Fíìmù àti eré alàwòrán, ìjíròrò ọjọ́ mìíràn ni. Bí ìwé bá tán lọ́jà, tí wọn ò tún un tẹ̀ láàárín àkókò tí a jọ fẹnu kò sí, kí ẹ̀tọ́ padà. Kí wọ́n máa fi ìṣirò iye tó tà hàn wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Wọn ò dáhùn mọ́. Àbúrò mi kó kúrò nílé tó ń gbé lọ sí yàrá kan nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún jókòó ti àwòrán. Mo mọ ohun tí ìpinnu yẹn ná an, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀.

Bí a ṣe di ẹni tó ń tẹ ìwé fúnra wa nìyẹn. Ṣómolú ní Èkó ni a lọ, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àdúgbò dé àdúgbò. Ojú ìwé tí a mú dání, àwọ̀ oríṣiríṣi ló wà lára rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, pupa aṣọ ìpò ń tàn yanran. Nígbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan jáde, ó ti ṣú, ó fẹ́ dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Atẹ̀wé kan, àgbàlagbà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, jókòó ṣàlàyé fún wa. Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń pèsè àwọ̀. Yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń pèsè tirẹ̀, àwọ̀ kan sì wà tí ojú ń rí nínú iná tí yíǹkì mẹ́rin yẹn kò lè bí. Àwọ̀ mẹ́rin tún túmọ̀ sí pléètì mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ojú bébà kọ̀ọ̀kan, owó sì ń gun orí owó. Ó yẹ àwòrán náà wò lọ, yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀, ó wá ní, “Tíṣà, pupa kan ṣoṣo lẹ ń wá. Kí lẹ fẹ́ fi àwọ̀ mẹ́rin ṣe?”

Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a fi dúdú ya gbogbo ìwé, kí òun wá po yíǹkì pupa kan lọ́tọ̀, bí a bá ṣe fẹ́ ẹ gan-an. Pléètì méjì. A mú aṣọ ìpò wá fún un láti fi wo pípò náà, aṣọ ìdílé kan tí wọ́n yá wa pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yí ìwé náà padà ju ohunkóhun tí olótùú kankan sọ fún wa lọ. Láti ọjọ́ náà, aṣọ nìkan ló pupa nínú ìwé wa. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ni. Iná tó ń jó ilé dúdú ni. Ojú ìwé mélòó kan wà tí kò sí pupa rárá lórí wọn, nítorí aṣọ ti jìnnà sí ọmọ náà. Nígbà tí pupa tún yọ ní igun àwòrán kan, bí èékánná ló rí, ọmọ kíláàsì mi kan rí i kí n tó nawọ́ sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò rọrùn o. Ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni bébà máa gba inú rẹ̀ kọjá, bí bébà bá sì fi díẹ̀ yẹ̀, pupa á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà. Àbúrò mi lọ tún gbogbo ìlà tó yí aṣọ náà ká ṣe, ó jẹ́ kí ó nípọn, kí pupa lè wọ abẹ́ dúdú díẹ̀, kí àṣìṣe ẹ̀rọ má bàa hàn. Ojú ìwé náà gbọ́dọ̀ bá bébà mu pẹ̀lú. Bébà ńlá kan tí wọ́n bá ká máa ń di ojú ìwé 16, nítorí náà 96 bọ́ sí i régé, ẹni tó bá sì ya 100 á sanwó bébà tó máa ṣófo.

Bébà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn. Òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, tó bá sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, dọ́là ló ń pinnu iye rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí atẹ̀wé bá pè lónìí lè má dúró di òpin oṣù. Bẹ́ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Ìwópin àti ní Oku Iboku. Jẹ́bà kò jìnnà sí wa. Ká ní wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ́ wọn ni, ọ̀pọ̀ ìwé tó wà nínú àpótí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa ni ì bá ti wà lọ́wọ́ òǹkàwé.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìmọ̀ràn àwọn oníkọ́míìkì òkèèrè: lẹ́tà Yorùbá. Lẹ́tà tí wọ́n ń lò fún kọ́míìkì rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, àwọn tó sì ní in kì í mọ ibi tí àmì ohùn máa wà. Nínú kọ̀ǹpútà, é ní àyè tirẹ̀, ẹ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà àti àmì méjì ni a máa ń tò pọ̀, bí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà kò bá sì ṣètò rẹ̀, àmì á fò lọ sí orí lẹ́tà mìíràn. Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a yọ àmì kúrò. Mo kọ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé igbá kì í ṣe igba, mo wá fẹ́ fún wọn ní ìwé tí kò yà wọ́n sọ́tọ̀? Àbúrò mi fi ọwọ́ ya lẹ́tà tiwa, ó fi FontForge tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sọ ọ́ di fọ́ǹtì, ó sì gbé àmì kọ̀ọ̀kan sí orí àti sí abẹ́ lẹ́tà bó ṣe yẹ. Krita tó fi yàwòrán àti Scribus tí a fi to ìwé náà, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìwé wà lọ́tọ̀ sí àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, kí a lè yọ Yorùbá kí a fi Gẹ̀ẹ́sì sí i nígbà tó bá yá, láì tún àwòrán yà.

Owó tí a máa fi tẹ ojú ìwé 96 lẹ́ẹ̀kan kò sí. A pín ìwé náà sí apá mẹ́ta, ojú ìwé 32 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fẹ́lẹ́ tó láti fi píìnì dè láàárín, tí òbí kan lè fi owó ọjà ra fún ọmọ rẹ̀. Mo ní láti tún ìtàn náà tò kí apá kọ̀ọ̀kan lè ní ibi tó fẹsẹ̀ tì. A fi ojú ìwé mẹ́jọ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú, a ní kí ẹni tó bá fẹ́ sanwó sílẹ̀. Àwọn ọmọ Okun tó wà ní Àbújá àti Èkó ló kọ́kọ́ dá wa lóhùn. Ọ̀pọ̀ ra méjì: ọ̀kan fún ara wọn, ọ̀kan fún ọmọ tí kò gbọ́ èdè dáadáa. Owó yẹn ló ra bébà.

ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ọ̀dọ̀ National Library of Nigeria ni a ti gbà á. Apá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ti Yorùbá yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sì tẹ ìwé jáde gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn lábẹ́ òfin 1970. Ìyẹn kò le. Gbígbé ìwé dé Kàbà ló le. Wáyábìlì ni a fi ránṣẹ́ láti gáréèjì ní Èkó. A fi ọ̀rá wé páálí méjì-méjì nítorí òjò. Àwọn tó ń ta ìwé nílùú gbà á pé àwọn á sanwó bó bá tà, wọ́n á sì yọ tiwọn. Ó ń tà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti ń tà gan-an ni ọjọ́ ìlú, ìparí sáà ilé-ẹ̀kọ́ àti àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí mo bá dúró ti tábìlì, tí mo ṣí ojú ìwé òfì fún àwọn ìyá. Wọ́n máa ń pe ara wọn wá wò ó.

Owó apá kìíní ti san pléètì àti bébà apá kejì, ó sì ti san díẹ̀ nínú gbèsè tí ìwé náà jẹ àbúrò mi. Atẹ̀wéjáde mìíràn ti kọ̀wé sí wa nípa odidi ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tó rí apá kìíní lọ́wọ́ ẹnì kan ní Àbújá. A ti fi àwọn ohun tí a fẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, bí mo ṣe tò ó sókè yìí, a sì ń dúró de èsì. Ẹni tó bá ní ìtàn ilẹ̀ wa lọ́wọ́, ní Mọ̀pà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí níbikíbi tó bá wà, kó parí ojú ìwé mẹ́jọ kó tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, kó sì wá lọ́yà kó tó buwọ́ lùwé. Ní ti fọ́ǹtì, àbúrò mi ní kí n sọ ọ́ síbí pé ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fẹ́ fi kọ Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀; ó ku kó parí àwọn lẹ́tà ńlá.